Kí Àtúnṣe Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá Má Baà Parẹ́ Lórí Linux

Inú àpò ni Debian, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, àti Ubuntu, tó yọ lára rẹ̀ ní 2004, máa ń di ètò kọ̀ǹpútà sí, àpò náà sì jẹ́ àkójọ fáìlì àti àṣẹ bí a ó ṣe tò wọ́n sínú ẹ̀rọ. Èyí tó ń jẹ́ xkb-data ló gbé fáìlì ng, níbi tí ìlànà kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, Haúsá àti Ígbò wà. Atẹ̀wé tó ń ṣiṣẹ́ ní òpópónà Arákálẹ̀ ní Àkúrẹ́, tó sì ní láti kọ orúkọ oyè Ọ̀ṣemàwé ti Òndó láìdín àmì kankan kù, lè rí ìdí láti tún fáìlì náà ṣe, nítorí pé Unicode kò ya ẹyọ kan ṣoṣo sọ́tọ̀ fún Ọ̀: a ó kọ́kọ́ tẹ Ọ, kí a tó fi àmì ohùn lé e, ibi tí bọ́tìnnì àmì náà wà sì ṣe pàtàkì gan-an.

Ṣùgbọ́n dpkg, ètò tó ń to àpò, kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó fi fáìlì tuntun rọ́pò ti àtijọ́ lábẹ́ /usr, bó tilẹ̀ máa ń béèrè nípa àwọn fáìlì ìṣètò tí olóhun ti yí padà lábẹ́ /etc. Ọjọ́ tí xkb-data tuntun bá dé, iṣẹ́ atẹ̀wé náà parẹ́ nìyẹn.

Àbáyọ kan ni kí a fi àṣẹ DPkg::Post-Invoke sínú fáìlì kékeré lábẹ́ /etc/apt/apt.conf.d, kí apt, ètò tó ń lo dpkg láti to àpò, lè máa pe ìwé àṣẹ tí olóhun kọ láti dá àtúnṣe rẹ̀ padà, ní gbogbo ìgbà tó bá ti lo dpkg tán. Nítorí pé kì í ṣe xkb-data nìkan ló ń jí i, ìwé àṣẹ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fáìlì ng ti yí padà. Bí ìwé àṣẹ náà bá sì kùnà, apt yóò dá iṣẹ́ dúró. Ẹni tó bá fi dpkg nìkan to àpò kò ní rí i kó ṣiṣẹ́ rárá. Lórí Arch Linux, pacman, ètò tó ń to àpò níbẹ̀, ti gba irú ìlànà yìí láti ẹ̀dà 5.0 ti ọdún 2016, níbi tí a ti lè dárúkọ àpò kan pàtó.

Fún fáìlì kan ṣoṣo, dpkg-divert, tó ń darí ẹ̀dà tuntun sí orúkọ mìíràn, ló rọrùn jù, àmọ́ olóhun ni yóò máa fi ojú ara rẹ̀ wo ohun tí ẹ̀dà tuntun mú wá. Ẹni tí àtúnṣe rẹ̀ bá wúlò fún gbogbo ọmọ Yorùbá, kó fi ránṣẹ́ sí àwọn olùtọ́jú xkeyboard-config, níbi tí xkb-data ti ń wá.