Ibi tí Epo Pupa ti ń Di Fítámínì A

Epo pupa tí wọ́n ń tà káàkiri Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ kò ní ojúlówó fítámínì A nínú. Ohun tó ní ni bẹ́tà-karotíìnì, èròjà tó mú kí epo náà pọ́n, tí ara gbọ́dọ̀ là sí méjì kí ó tó di fítámínì tí ojú fi ń ríran nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú.

Ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn irú purotéènì tó ń mú kí iṣẹ́ inú ara tètè yá, ló ń là á. BCO1 ni wọ́n ń pè é, ó sì pọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú ìfun kékeré. Ní ọdún 1965, Goodman àti Huang lápá kan, Olson àti Hayaishi lápá kejì, fi ìfun eku ṣàfihàn iṣẹ́ rẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì ní yàrá nínú bí agboolé, ṣùgbọ́n BCO1 kò gbé inú yàrá kankan: inú omi tó kún ààrin sẹ́ẹ̀lì ló wà, nígbà tí ìbátan rẹ̀, BCO2, tó ń gé karotíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dípò ààrin, wà nínú máítókọ́ńdríà, yàrá tí sẹ́ẹ̀lì ti ń fa agbára jáde láti inú oúnjẹ. Iṣẹ́ agbálẹ̀ ni ti BCO2, nítorí pé nínú àwọn eku tí kò ní in, èròjà aláwọ̀ bí karotíìnì a máa kó jọ sínú yàrá agbára yìí, a sì máa bà á jẹ́. BCO1 ní tirẹ̀ dúró sójú ọ̀nà: ọ̀rá ló ń gbé karotíìnì wọlé, àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn nítòsí sì ń so ohun tí BCO1 là mọ́ ọ̀rá padà, kí wọ́n lè dì í rán sínú ara. Ó yani lẹ́nu pé inú omi ni ẹni tó ń gé ohun tí kò bá omi rẹ́ ń gbé, àfi bí a bá gbà, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti rò, pé ó máa ń fara kan awọ ọlọ́ràá inú sẹ́ẹ̀lì láti fa karotíìnì mọ́ra.

Bí fítámínì A bá ti tó, ara yóò dín ẹnu ọ̀nà karotíìnì kù, yóò sì dín BCO1 fúnra rẹ̀ kù, ìdí nìyẹn tí epo pupa kì í fi sọ fítámínì A di májèlé fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Òróró inú ike kò rí bẹ́ẹ̀: láti ọdún 2002 ni ìjọba Nàìjíríà ti mú un ní dandan pé kí wọ́n fi fítámínì A sí òróró, ṣúgà àti ìyẹ̀fun, èyí tí wọ́n sì ń fi sí i kò gba ọwọ́ BCO1 kọjá rárá, nítorí náà ilé iṣẹ́ tó pò ó, àti NAFDAC tó ní yàrá àyẹ̀wò ní Òṣòdì, ló ni ìṣirò ìwọ̀n rẹ̀, kì í ṣe ìfun.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọbẹ̀ ayamáṣe náà, tí wọ́n máa ń gbé epo rẹ̀ kaná títí pupa rẹ̀ yóò fi ṣí, nítorí pé pupa tó ṣí yẹn gan-an ni karotíìnì, tí ọbẹ̀ náà bá sì dé ìfun, díẹ̀ ni BCO1 yóò rí gé.