Ọmọbìnrin Tó Ń Dá Rìn: Ìlú Wo Ni Yóò Yàn ní Yúróòpù?

Ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí a ti kọ́ rí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wá kí wa ní ilé, òun àti ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà lónìí. Ó ti fi owó pamọ́ fún ọdún mẹ́rin, ó sì fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́wàá ní ilẹ̀ Yúróòpù, òun nìkan, láìsí ọkọ, láìsí ẹ̀gbọ́n, láìsí ẹgbẹ́. Ó bi wá pé: « Màdáàmù, ìlú wo ni owó mi lè ká, tí ọkàn ìyá mi yóò sì balẹ̀? » Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí a tíì dáhùn tí ó fi sọ pé: « Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀, olùkọ́. Bí ó bá sọnù lọ́hùn-ún, ta ni yóò wá a? »

Ìbéèrè ọmọ dá lórí owó, ti ìyá dá lórí ààbò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀tá ara wọn ni méjèèjì, pé ẹni tí ó bá fẹ́ ààbò gbọ́dọ̀ ná owó púpọ̀, pé ẹni tí owó rẹ̀ kò tó gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ wewu. Ohun tí a rí nínú ìrìn-àjò tiwa yàtọ̀ sí èyí. Ìlú tí obìnrin ti lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ dé ibi tí yóò sùn láìbẹ̀rù, ìlú náà ni owó rẹ̀ kéré jù níkẹyìn.

Ẹnu ọ̀nà ni físà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn tí a ń kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tí kò nílò físà ni a kọ ọ́ fún. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mú ìwé ìrìnnà Benin tàbí ti Togo lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ gba físà Schengen kí ó tó wọ orílẹ̀-èdè 29 tí wọ́n ti ṣí ààlà wọn sí ara wọn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, 90 yúrò ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà, ìyẹn nǹkan bí 59 000 fáráǹkì, a kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ ìbéèrè ẹni. Ìwé adójútòfò tí yóò san owó ìtọ́jú àìsàn tó 30 000 yúrò, ó kéré tán, jẹ́ dandan.

Orílẹ̀-èdè tí a ó ti pẹ́ jù lọ ni a ń kọ̀wé sí, kì í ṣe èyí tí a rò pé ó rọrùn jù. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó ní ilé aṣojú ní Kútọnu tàbí ní Lomé. Àwọn kan ti fi iṣẹ́ náà lé orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́. Àwọn mìíràn lè ní kí a lọ sí olú-ìlú orílẹ̀-èdè mìíràn. Owó ọkọ̀ ìrìn yẹn wà lára owó ìlú tí a yàn. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò ni a ti lè fi ìwé sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 15 ṣáájú. Abèèrè kì í ṣìnà: kí a bèèrè èyí kí a tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan.

Ibi tí a ti mọ iye owó wa

Láti ọdún 1999, yúrò kan jẹ́ 655,957 fáráǹkì sefa, kì í gòkè, kì í sọ̀kalẹ̀. Nítorí náà, ní orílẹ̀-èdè tó ń ná yúrò, ọmọbìnrin wa lè ṣe ìṣirò rẹ̀ sínú ìwé láti Kétu, kí ìṣirò náà má sì yí padà. Pólàǹdì ń ná złoty, Hungary ń ná forint, ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì sì ń ná koruna. Oúnjẹ àti yàrá sábà máa ń rọjú níbẹ̀ ju Paris lọ, ṣùgbọ́n a óò tún owó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tí ó bá sì ṣẹ́ ẹ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú yóò pàdánù.

A kò tìtorí èyí kọ ìlú bí Cracovie sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ń gbé ènìyàn láti pápá ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ dé àárín ìlú, ẹsẹ̀ lásán ni a sì fi ń rìn ká ìlú àtijọ́ rẹ̀. Àwọn ilé oúnjẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní bar mleczny, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ àti arúgbó ti ń jẹun yó ní owó kékeré. Ljubljana, olú-ìlú Slovenia, ń ná yúrò ní tirẹ̀. Wọ́n ti lé ọkọ̀ kúrò ní àárín ìlú náà, ìlú kékeré sì ni, tí a kì í tètè ṣìnà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú méjèèjì, ẹni tí Faransé nìkan wà lẹ́nu rẹ̀ yóò máa wá ọ̀rọ̀. Ní Lyon tàbí Bruxelles, èdè kò ní dí i lọ́wọ́, yàrá ni yóò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ kan tí orúkọ ìlú wa ti wá

Pọ́túgàl ni a fi síwájú rẹ̀. Ìdí àkọ́kọ́ kò ṣe àjèjì sí òǹkàwé wa ní Àjàṣẹ́: èdè Potogí ni wọ́n fi pe ìlú náà ní Porto-Novo, àwọn ìdílé Àgùdà tó padà láti Brazil sì ṣì ń jẹ́ orúkọ Potogí títí di òní. Ẹni tí ó ti wo Mọ́ṣáláṣí Ńlá Àjàṣẹ́ dáradára yóò rò pé òun ti rí ojú ilé kan rí nígbà tí ó bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní Pọ́túgàl.

Àwọn ìdí yòókù kan ẹsẹ̀ àti àpò. Ní Lisbonne àti ní Porto, mẹ́tírò wọ inú pápá ọkọ̀ òfuurufú, a kò nílò tákísì. Ọkọ̀ ojú irin láàárín ìlú méjèèjì jẹ́ nǹkan bí wákàtí mẹ́ta, owó rẹ̀ sì ń dínkù bí a bá tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì. Lójú ọ̀nà yẹn ni Coimbra wà, ìlú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí a dá yunifásítì rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1290. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí, oúnjẹ kì í wọ́n, ọ̀dọ́bìnrin tó ń dá rìn kì í sì í ṣe ìran àpéwò. Yàrá ti wọ́n ní Lisbonne ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Porto àti Coimbra ṣì rọjú jù ú lọ, pàápàá ní oṣù kọkànlá tàbí oṣù kẹta, nígbà tí àlejò kò pọ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn ìwé ìmọ̀ràn kì í sábà sọ. Ààbò obìnrin adúláwọ̀ kì í ṣe ti olè nìkan. Ó tún jẹ́ ti ojú tí wọ́n fi ń wò ó, ti ọlọ́pàá tó lè bèèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ti onílé tó lè sọ pé yàrá ti tán. Kò sí ìlú Yúróòpù tí a lè búra fún lórí èyí, Pọ́túgàl náà kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ní Lisbonne, àwọn ènìyàn Cap-Vert, Guinée-Bissau àti Angola pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ wa kò ní jẹ́ adúláwọ̀ kan ṣoṣo lójú pópó. Ní Largo de São Domingos, lẹ́bàá Rossio, yóò rí àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n dúró tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni wà ní ojú ọjà. Kí ó ṣọ́ àpò rẹ̀ nínú tramu 28, nítorí àwọn olè tí ń yọ owó lápò àlejò fẹ́ràn ibẹ̀.

Yàrá olówó pọ́ọ́kú tó gba owó ńlá

Àṣìṣe tiwa ni a fi kọ́ ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ tó kẹ́yìn. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a dá rìn dé ìlú ńlá kan ní Faransé, a yan yàrá tí owó rẹ̀ kéré jù lọ, ní ẹ̀yìn odi ìlú. Ọkọ̀ wa gúnlẹ̀ ní agogo mọ́kànlá òru. Bọ́ọ̀sì ti tán. Tákísì gba owó tó ju ti yàrá alẹ́ méjì lọ, nígbà tí a sì débẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì, kò sí ẹni tó dáhùn agogo. A dúró sábẹ́ iná òpópónà fún ìdajì wákàtí, tí a di àpò mọ́ àyà. Owó tí a rò pé a fi pamọ́ lọ ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìbẹ̀rù náà sì bá wa gbé títí ìrìn-àjò fi parí.

Láti ìgbà náà, ìlànà wa kò pọ̀. Kí ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní ojúmọmọ, bí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tilẹ̀ fi díẹ̀ wọ́n. Kí alẹ́ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ní ibi tí a lè fi ẹsẹ̀ dé láti ibùdókọ̀, tí ẹnìkan sì wà lẹ́nu ọ̀nà tọ̀sán-tòru. Ọ̀pọ̀ auberge de jeunesse ní yàrá àwọn obìnrin nìkan. Òun ni kí a bèèrè. Kí ẹ̀dà ìwé ìrìnnà wà lọ́tọ̀ sí ìwé gan-an. Kí a mọ nọ́ńbà 112 lórí, nítorí ọ̀kan náà ni fún ọlọ́pàá, iná àti ìtọ́jú pàjáwìrì ní gbogbo orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ọ̀fẹ́ sì ni. Kí ẹnìkan nílé ní àdírẹ́sì gbogbo ibi tí a ó sùn.

Ọmọ náà yan Porto àti Coimbra, fún oṣù kọkànlá. Ó kọ orúkọ ilé, òpópónà àti wákàtí ọkọ̀ sórí ìwé kan, ó sì fi fún ìyá rẹ̀ lójú wa. Ìyá náà kò mọ̀wé kà. Ó ní kí a kà á fún òun, a kà á. Ó ní kí a tún un kà, a tún un kà. Lẹ́yìn náà ni ó ká ìwé náà, ó so ó mọ́ ṣẹ́tí ìró rẹ̀ níbi tí ó máa ń so owó sí, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀ pé: « Bí o bá ti débẹ̀, pè mí kí o tó jẹun. »