Iṣẹ́ Wákàtí Díẹ̀ àti Owó Ìrànwọ́: Èló Ni Wọ́n Máa Yọ?



Àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn nínú wa ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi wá ṣáá: bí wọ́n bá gba iṣẹ́ gbígbálẹ̀ ọ́fíìsì fún wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀, ṣé ìjọba kò ní dá owó ìrànwọ́ wọn dúró? Ẹ̀rù yìí ti mú kí ẹlòmíràn kọ iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa.

Owó méjì ló wà, òfin wọn ò sì jọra. Ẹ kọ́kọ́ wo lẹ́tà yín kí ẹ mọ èyí tí ẹ ń gbà.

Èkíní ni New Style Jobseeker's Allowance. Owó National Insurance tí wọ́n ti ń yọ lára owó iṣẹ́ yín tẹ́lẹ̀ ló jẹ́ kí ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i, kì í sì í kọjá oṣù mẹ́fà. Bí iṣẹ́ yín bá tó wákàtí 16 lọ́sẹ̀, ó tán nìyẹn. Bí kò bá tó, £5 péré lọ́sẹ̀ ni wọ́n máa ń gbójú fò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, gbogbo èyí tó bá lé ni wọ́n máa yọ. Ẹni tó mú £40 wálé, £35 ni wọ́n á yọ nínú owó ìrànwọ́ rẹ̀. Lójú tèmi, £5 yìí kò bá ayé ìsinsìnyí mu rárá.

Èkejì ni Universal Credit, òun sì yàtọ̀ pátápátá. Kò sí pé wákàtí báyìí ni ẹ kò gbọdọ̀ kọjá. Nínú £1 kọ̀ọ̀kan tó bá kù lẹ́yìn owó orí, National Insurance àti owó ìfẹ̀yìntì, pẹ́ńsì 55 ni wọ́n máa yọ. Pẹ́ńsì 63 ni tẹ́lẹ̀, kó tó di ìparí 2021. Ká ní £200 ni ẹ mú wálé lóṣù: wọ́n á yọ £110, £90 á sì lé lọ́wọ́ yín. Ẹ yọ owó bọ́ọ̀sì kúrò níbẹ̀ o, ìjọba ò ní bá yín yọ ọ́. Ẹni tó ń tọ́ ọmọ, tàbí tí àìlera dín agbára iṣẹ́ rẹ̀ kù, iye kan wà tí wọn kò ní fọwọ́ kàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ti tọkọtaya, wọ́n ń pa owó àwọn méjèèjì pọ̀ ni.

Ẹ má dá àwọn tó ní kí ẹ fi owó iṣẹ́ bò lóhùn. Ẹni tó gbà yín síṣẹ́ ń fi iye tó san ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì owó orí, ibẹ̀ ni àwọn Universal Credit ti ń rí i. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lóṣooṣù.

Ibi tó ń dàmú ènìyàn jù ni ti àwọn tó ń gbowó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá ni wọ́n ń gbowó lọ́dún, oṣù 12 sì ni Universal Credit ń kà. Oṣù kan á wà tí owó iṣẹ́ méjì á bọ́ sínú ẹ̀, owó ìrànwọ́ oṣù náà á já wálẹ̀, ó tiẹ̀ lè di òdo. Ẹ ṣírò oṣù yẹn sílẹ̀, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ dè é.

Ṣùgbọ́n owó tó wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ náà, kíkà ni wọ́n ń kà á. Bí àpapọ̀ owó ìpamọ́ yín kò bá kọjá £6,000, kò sí wàhálà. Láti ibẹ̀ lọ, £250 kọ̀ọ̀kan, tàbí apá kan rẹ̀, ni wọ́n á kà sí pé ó ń mú £4.35 wọlé lóṣù. Bó bá kọjá £16,000, kò sí Universal Credit fún yín. New Style kì í wo ìyẹn ní tiẹ̀.

Ẹni tí físà rẹ̀ sọ pé kò gbọdọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, kó má béèrè Universal Credit rárá, kó má baà ba ìwé ìgbélùú rẹ̀ jẹ́.

Ẹni tí ìṣirò bá dojú rú mọ́ lọ́wọ́, kó mú lẹ́tà rẹ̀ àti ìwé owó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́