Bí Ẹja Inú Gíláàsì Bá Kú, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Omi



Nígbà tí a ti ọdún Ọ̀ṣun dé, ọmọbìnrin mi ní òun fẹ́ ká ní ẹja tiwa nílé. A ra goldfish méjì: ọ̀kan pupa, ìrù rẹ̀ là sí méjì bí aṣọ léèsì, ìkejì dúdú, ojú rẹ̀ yọ síta. A kó wọn sínú abọ́ gíláàsì róbótó, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúbọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, pupa kú. Ọmọ sunkún títí, ó wá bi mí pé, "Màámi, ṣé Yèyé ń bínú sí wa ni?"

Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Àwọn kan nínú ilé tiẹ̀ ti ní ká lọ dá Ifá sí i. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ní Surulere, ní Yaba, ní Mushin, bẹ́ẹ̀ lẹja ṣe ń kú sínú gíláàsì tí ẹ̀rù á sì máa ba onílé. Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn: ká tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹja, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo omi.

Omi ló ń pa á

Ẹja ò ní ṣáláńgá. Inú omi tó ń mí náà ló ń yàgbẹ́ sí. Májèlé kan tí wọ́n ń pè ní amóníà sì ń ti ara rẹ̀ jáde, pàápàá láti ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Nínú odò, omi ń ṣàn, ó ń gbé e lọ. Nínú abọ́ kékeré, kò ríbi lọ. Omi náà lè mọ́ gaara lójú o, kó jẹ́ pé májèlé ló kún inú ẹ̀.

Elédùmarè dá àwọn kòkòrò kan tí ojú ò lè rí, tí wọ́n ń sọ amóníà yìí di ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ara fóòmù inú asẹ́ omi ni wọ́n ń gbé. Àmọ́ ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Abọ́ tiwa ò ní asẹ́ rárá. Ohun tó pa ẹja wa nìyẹn.

Bí a ṣe ń tọ́jú omi

Ẹ má lo abọ́ róbótó. Goldfish kan fẹ́ nǹkan bíi lítà 75, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́ta. Èyí tó bá kún un, ẹ fi lítà 40 sí i. Ẹja kékeré tí ẹ rà yẹn, bó bá dàgbà, ó lè tó àtẹ́lẹwọ́, ó sì lè lo ju ọdún mẹ́wàá lọ bí a bá tọ́jú ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ bu ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà dànù, kí ẹ fi tuntun dípò. Ẹ má da gbogbo ẹ̀ nù. Bí asẹ́ yín bá ṣì jẹ́ tuntun, ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa ṣe é fún oṣù kan. Omi ẹ̀rọ ìjọba máa ń ní klórínì: ẹ pọn ọ́n sínú garawa, kí ẹ ṣí i sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi borehole míì ní irin. Tó bá ń fi àwọ̀ pupa sára ike, ẹ jẹ́ kó tòrò, kí ẹ bu òkè rẹ̀. Inú omi tí ẹ bù jáde ni kí ẹ ti fún fóòmù asẹ́. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ má bàa pa àwọn kòkòrò rere yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, oyin, ọtí àti obì, ojúbọ ni tiwọn. Ẹ má dà wọ́n sínú omi ẹja.

Ooru àti NEPA

Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sin goldfish, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Omi tútù ló mọ̀: ìwọ̀n 18 sí 24 Celsius ló bá a lára mu. L'Ékòó níbí, omi inú ilé lè tó 30 nínú ooru Ẹrẹ́nà. Omi tó bá gbóná kì í gba afẹ́fẹ́ mọ́ra púpọ̀: lítà kan lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9 ní ìwọ̀n 20, ṣùgbọ́n 7.5 péré ní ìwọ̀n 30.

Nítorí náà, ẹ gbé gíláàsì kúrò lójú oòrùn. Ẹ lè fi pure water tó ti dì, tí ẹ ò tíì já, léfòó lórí omi. Ẹ ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì. Bí NEPA bá mú iná lọ tí kò sì sí pọ́ǹpù, ẹ máa fi ife bu omi náà, kí ẹ máa dà á padà láti òkè. Ẹja tó bá ń yọ ẹnu sókè omi kì í ṣe pé ó ń kí yín o. Èémí ló ń wá.

Oúnjẹ

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ tó, ìwọ̀n tó lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì. Ara goldfish onírù méjì rí rogodo, ìfun rẹ̀ sì há. Bó bá gbé oúnjẹ gbígbẹ àti afẹ́fẹ́ mì pọ̀, ó lè dojú dé tàbí kó máa fẹ̀gbẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Ẹ rẹ oúnjẹ náà sínú omi ná. Ẹ tún lè se pí tútù, kí ẹ bó èèpo rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ fún un.

Ẹ má jù ú sódò

Àwọn kan máa ń rò pé bó bá sú wọn, kí wọ́n fi ẹja náà ta Ọ̀ṣun lọ́rẹ nínú odò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. A mọ ìtàn Láróòyè àti bí orúkọ Àtáọ́ja ṣe bẹ̀rẹ̀: ó tẹ́wọ́ gba ẹja láti inú odò. Àwọn ẹja ibẹ̀ ni ìránṣẹ́ Yèyé, a kì í sì í dẹ wọ́n nínú igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo. Ẹja àjèjì lè kó àrùn ràn wọ́n, ó sì lè máa jẹ ẹyin wọn. Bí ẹ ò bá lè tọ́jú ẹ̀ mọ́, ẹ fún ẹlòmíì tó lè ṣe é.

Ẹja dúdú wa ṣì wà láàyè, ó ti wà nínú gíláàsì ńlá. Bí ọmọ mi bá ti pààrọ̀ omi ìkòkò Yèyé, á kọjá síbi ẹja. Mo ti wá rí èsì fún un: Yèyé ò bínú, àwa la ò mọ̀. À ń sin òrìṣà, à ń sin ẹran ọ̀sìn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Olómi tútù la ń sìn. Kí omi ẹja ọwọ́ wa má ṣe bàjẹ́.

Oore Yèyé o! Àṣẹ.