Eré Oníṣe àti Ijó ní Ọgbà Iṣẹ́ Àtijọ́: Ohun tí Àjọ̀dún Àgbáyé Lè Kọ́ Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Láyé àtijọ́, kò sí ilé tí Yorùbá kọ́ fún eré nìkan. Ojúde ọba, ìta ọjà, oríta àti agbo ilé ni eégún ti ń jó, ibẹ̀ náà ni àwọn alárìnjò ti ń pa idán. Òǹwòran yóò ṣe agbo yí òṣèré ká. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbè orin yóò gbè é, ẹni tí ó bá fẹ́ náwó fún onílù yóò wọ inú agbo. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, orúkọ ibi tí àjọ̀dún ti ń wáyé ni a fi pe àjọ̀dún náà fúnra rẹ̀: Ojúde Ọba. Ìgbà tí àwọn Òyìnbó dé ni a bẹ̀rẹ̀ sí í rí gbọ̀ngàn tí ìtàgé wà ní iwájú, tí àga tò ní ẹ̀yìn, tí aṣọ ìkélé sì pín òṣèré níyà kúrò lára òǹwòran.

Ohun kan ti wá ń ṣẹlẹ̀ káàkiri àgbáyé láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ Yorùbá fiyè sí. Àwọn òṣèré àti oníjó ń fi gbọ̀ngàn olówó ńlá sílẹ̀, wọ́n ń lọ sí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí a ti pa tì, wọ́n sì ń ṣe àjọ̀dún àgbáyé níbẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó gbìyànjú láti ṣàlàyé ìdí tí èyí fi rí bẹ́ẹ̀, a ó wo àwọn àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa, a ó sì yẹ ohun tí ó kan ẹ̀kọ́ eré oníṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa wò. Èrò tí a fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé àṣà yìí kò ṣàjèjì sí wa, ṣùgbọ́n bí a kò bá ṣọ́ra, èdè Yorùbá lè di àlejò nínú agbo tí ó yẹ kí ó jẹ́ tirẹ̀.

Bí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe di ilé eré

Àpẹẹrẹ méjì láti ilẹ̀ Yúróòpù yóò là wá lóye. Èkíní ni Kampnagel ní ìlú Hamburg, ní orílẹ̀-èdè Jámánì. Ní ọdún 1865 ni a dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá tí ń gbé ẹrù ní èbúté ọkọ̀ ojú omi ni ó wá gbajúmọ̀ fún. Nígbà tí iṣẹ́ dáwọ́ dúró níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé eré ńlá kan ní ìlú náà, èyí tí a ń tún ṣe lọ́wọ́, lo àwọn gbọ̀ngàn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèré tí kò ní ilé tiwọn tẹ̀ lé wọn wọlé, wọ́n sì kọ̀ láti jáde nígbà tí ọ̀rọ̀ wíwó ilé náà dé. Lónìí, àjọ̀dún ìgbà ooru tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ máa ń kó eré oníṣe, ijó àti orin jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Èkejì ni Cartoucherie ní Vincennes, lẹ́bàá ìlú Paris. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ohun ìjà fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Faransé ni tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1970, Ariane Mnouchkine àti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀, Théâtre du Soleil, kó wọ ibẹ̀. Nínú eré tí wọ́n ṣe lórí rúkèrúdò ńlá ọdún 1789 ní ilẹ̀ Faransé, ìtàgé bíi mélòó kan ni wọ́n tò yí gbọ̀ngàn ká, òǹwòran sì lè dúró ní àárín kí wọ́n máa yíjú síbi tí eré bá gbé ń lọ. Ẹni tí ó bá ti wo eré ní ìta ọjà nílẹ̀ wa rí yóò mọ̀ pé agbo ni wọ́n padà sí.

Kí ni àwọn òṣèré rí níbẹ̀? Lákọ̀ọ́kọ́, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ fẹ̀, òrùlé rẹ̀ ga, òpó kì í sábà dí àárín rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ ńlá ni a kọ́ ọ fún. Oníjó nílò irú àyè bẹ́ẹ̀ láti fò àti láti sáré. Lẹ́ẹ̀kejì, irin tí ó ti ń gbé ẹrù wúwo rí lè ru iná ìtàgé. Lẹ́ẹ̀kẹta, ilẹ̀kùn tí ọkọ̀ akẹ́rù lè gbà wọlé mú kí ó rọrùn láti kó ohun èlò eré wọlé. Lẹ́ẹ̀kẹrin, a lè to àga bí ó ti wù wá, tàbí kí a má tilẹ̀ to àga rárá. Paríparí rẹ̀, ara ògiri ní ìtàn tirẹ̀. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ibi tí ènìyàn ti ṣiṣẹ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún kò lè ṣàì sọ̀rọ̀ nínú eré tí a bá ṣe níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ láti ilẹ̀ wa

A kò gbọdọ̀ rò pé àwọn Òyìnbó ni ó kọ́ wa ní èyí. Ní ọdún 1961, ilé oúnjẹ tí ó jẹ́ ti àwọn ará Lẹ́bánónì rí ni àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà sọ di Mbari ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1962, Dúró Ládiípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ ní Òṣogbo di Mbárí Mbáyọ̀. Láti inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Ọba Kò So ti jáde ní ọdún 1963, tí ó sì dé Berlin ní ọdún 1964. Kò sí ẹni tí ó dúró de gbọ̀ngàn ńlá. Nígbà tí gbọ̀ngàn ńlá sì dé, tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé eré Iganmu fún FESTAC ọdún 1977, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kékeré kò ní agbára láti lò ó.

Ọgbà Òmìnira ní Broad Street, ní Èkó, ni àpẹẹrẹ tí ó gbajúmọ̀ jù lóde òní. Òótọ́ ni pé kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ìjọba amúnisìn kọ́ ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni. Herbert Macaulay àti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, wà lára àwọn tí a há mọ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn tí a ti wó ọgbà náà, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì ti di ààtàn, ayàwòrán-ilé Theo Lawson yà á ní àwòrán tuntun, a sì ṣí i ní ọdún 2010 nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún tí ó gba òmìnira. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ẹni tí a dájọ́ ikú fún ni ìtàgé ńlá wà báyìí. Àjọ̀dún eré oníṣe ti Èkó, tí British Council bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013 tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ yìí sì gbà lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn náà, fi Ọgbà Òmìnira ṣe ojúkò. Láti ìbẹ̀rẹ̀, eré tí a ṣe fún ibi tí kì í ṣe gbọ̀ngàn eré ni àjọ̀dún náà fún ní àyè pàtàkì.

Èyí tí ó sún mọ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ jù lọ ni ilé tí a ti ń tọ́jú ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́tta. Ní ọdún 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Ní ọdún 2017, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àgbáyé àkọ́kọ́ tí a pè ní Lagos Biennial, tí Folákúnlé Ọ̀shun jẹ́ olùdásílẹ̀ rẹ̀, wáyé nínú ilé náà, láàárín ọkọ̀ ojú irin tí ó ti dógùn-ún. Àwòrán àti ère ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọgbà iṣẹ́ àtijọ́ nílẹ̀ wa náà lè gba àlejò àgbáyé.

Ìrántí àwọn òṣìṣẹ́

Ìbéèrè kan wá dìde: ta ni ó ni ìtàn tí ògiri ń sọ? Fún wa ní Ìjẹ̀bú, ìdáhùn rẹ̀ wà nítòsí. Hubert Ògúndé, ọmọ bíbí Òṣòsà, tí a bí ní ọdún 1916, jẹ́ ọlọ́pàá nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré fún ìjọ Aládùúrà ní Èbúté-Mẹ́tta ní ọdún 1944. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yanṣẹ́ lódì káàkiri Nàìjíríà nítorí owó oṣù tí kò tó ra oúnjẹ mọ́. Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, wà lára àwọn tí ó léwájú. Kí ọdún náà tó parí, Ògúndé ti fi ìyanṣẹ́lódì yẹn ṣe eré tí ó pè ní Strike and Hunger. Ní ọdún 1946, wọ́n mú un ní Jos nítorí eré náà.

Nígbà tí òṣìṣẹ́ rélùwéè wà lẹ́nu iṣẹ́, Ògúndé gbé ìyà wọn lọ sórí ìtàgé. Lónìí, a lè gbé ìtàgé wọ inú ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ kí a má sì dárúkọ wọn rárá. Èyí ni àléébù tí ó lè wà nínú àṣà yìí: ìpata irin a di ohun ẹ̀ṣọ́, àyà àwòrán a dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹni tí ilé-iṣẹ́ tí a tì pa gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ kò ní rí owó ìwọlé san. Bí a bá fẹ́ ṣe é bí ó ti yẹ, àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ni a ó kọ́kọ́ lọ bá. Orin tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, àwàdà wọn, orúkọ tí wọ́n sọ ẹ̀rọ àti ọ̀gá wọn, lítíréṣọ̀ alohùn ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí nínú ìwé kankan.

Ohùn, ilẹ̀ àti ààbò

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan èdè wa ju èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Gbọ̀ngàn ńlá tí ó ní ògiri líle àti òrùlé páànù máa ń dá ohùn padà. Kí sílébù kan tó parí ìró rẹ̀, èkejì ti dé, wọn a sì dàpọ̀ mọ́ra. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Bí òṣèré bá wí pé ‘ọkọ ti dé’, tí gbohùn-gbohùn sì da ohùn rú, òǹwòran tí ó jìnnà lè gbọ́ ‘ọkọ̀ ti dé’ tàbí ‘ọkọ́ ti dé’. Ìlù dùndún náà lè pàdánù ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ, kí ó ku ariwo lásán. Ọ̀nà àbáyọ kò nira púpọ̀: kí a ta aṣọ tí ó nípọn mọ́ ògiri, kí òǹwòran súnmọ́ òṣèré, kí òṣèré má kánjú sọ̀rọ̀, kí a sì fi ewì àti ẹsà sí apá ibi tí òrùlé ti rẹlẹ̀. Èrò púpọ̀ nínú agbo náà máa ń gba ohùn mọ́ra.

Ní ti ijó, ilẹ̀ kọnkéré kì í ṣe ọ̀rẹ́ orúnkún. Oníjó tí ó ń fò lórí rẹ̀ lójoojúmọ́ yóò fara pa; pákó tí a gbé lé igi, tí ó lè rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ni ó yẹ kí a tẹ́. Kí a sì tó kó akẹ́kọ̀ọ́ wọ ilé-iṣẹ́ àtijọ́ kankan, ẹni tí ó mọ̀ nípa ilé gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé òrùlé rẹ̀ kò ní asbestos, tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́? Ṣé epo tàbí kẹ́míkà kò tíì wọ ilẹ̀ rẹ̀? Ṣé ọ̀nà àbájáde ju ẹyọ kan lọ bí iná bá ṣẹ́?

Kí ni ó kan olùkọ́ Yorùbá?

Ìjẹ̀bú-Òde kì í ṣe ìlú tí kò mọ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Olóyè Timothy Adéọlá Odùtọ́lá, tí ó gbé ayé láti ọdún 1902 sí 1995, dá ilé-iṣẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn onílé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Nàìjíríà ní ọdún 1971. Ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ àti ìtàn eré jọ wà ní àyíká wa. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń ka eré oníṣe gẹ́gẹ́ bí ìwé ìdánwò nìkan. Wọn a há orúkọ ẹ̀dá-ìtàn àti kókó ọ̀rọ̀ sórí, wọn a gba máàkì, wọn kò sì ní dìde ṣe ìran kan ṣoṣo. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ yóò lọ fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Nígbà kan náà, ní àwọn àjọ̀dún àgbáyé tí ó ń wáyé ní Èkó, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sábà máa ń gba iwájú. Yorùbá a wọlé bí orin àti oríkì láàárín eré. Àjọ̀dún kò fi òfin lé èdè wa jáde. Ẹni tí yóò kọ eré tí ó bá irú àyè bẹ́ẹ̀ mu ní Yorùbá ni kò pọ̀, àwa ni ó sì yẹ kí a tọ́ wọn.

A dábàá nǹkan mẹ́ta. Èkíní, kí olùkọ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan ní sáà lọ sí ibi tí iṣẹ́ ti wáyé rí, ìbáà ṣe ilé ìtajà kòkó, ilé ìfọ́pákó tàbí ilé ìtẹ̀wé, pẹ̀lú àṣẹ ẹni tí ó ni ín. Èkejì, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì lẹ́nu wò ní Yorùbá tàbí ní ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú, kí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n gbọ́ ṣe eré tí kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n ṣe eré náà ní agbo, kí àwọn tí ó sọ ìtàn jókòó sí iwájú, kí máàkì sì wà fún ìṣeré gẹ́gẹ́ bí ó ti wà fún àròkọ.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ilé-iṣẹ́ àtijọ́ bá eré àti ijó mu nítorí ìtóbi, agbára àti ìtàn rẹ̀. A ti rí i pẹ̀lú pé Mbárí Mbáyọ̀ ti ṣe irú rẹ̀ ní Òṣogbo kí Kampnagel tó di ilé eré, àti pé agbo Yorùbá ti wà ṣáájú gbogbo wọn. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Gbọ̀ngàn òfìfo kò ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí yóò wọ inú rẹ̀, tí yóò sọ Yorùbá tí ó já gaara, tí yóò sì rántí ẹni tí ó ti làágùn níbẹ̀ rí, ni ó kù tí a ń wá. Iṣẹ́ ọwọ́ wa ni láti kọ́ ọ.