Owó àgọ́ àwọn ọmọdé: gbọ̀ngàn ńlá ni, àbí omi tó mọ́?

Bí oṣù Keje bá ti ń lọ sópin, tí iléèwé fẹ́ gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń kéde àgọ́ àwọn ọmọdé. Àwọn òbí á bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwo àti ṣíbí tí wọ́n máa kọ orúkọ ọmọ sí lára, wọ́n á ra bàtà rọ́bà, àwọn ọmọ pàápàá kò ní í lè sùn mọ́ nítorí ayọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bọ́ọ̀sì bá já wọn sílẹ̀ lágọ̀ọ́ tán ni àṣírí máa ń tú. Ikán ti jẹ igi àjà. Páànù ti ya, òjò sì ń wọ ibi tí àwọn ọmọ máa sùn. Kànga kò ní ìdérí, ṣáláńgá ti kún.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ba ibẹ̀ jẹ́. Ilé tí ẹnì kankan kì í gbé fún oṣù mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá nínú ọdún, kò lè ṣe kó má bàjẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìdáwó ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á pín àpò ìwé owó fún ìjọ, wọ́n á yan ìgbìmọ̀, wọ́n á dá ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ àpò, ìbéèrè kan wà tó yẹ kó béèrè: kí ni wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe?

Ẹni tó kó ọmọ lọ afẹ́fẹ́ láìkọ́lé

Ọ̀rọ̀ owó àgọ́ ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1877, Willard Parsons, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Sherman, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bẹ àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ pé kí wọ́n gba àwọn ọmọ tálákà láti ìlú New York sílé fún ìgbà díẹ̀ nígbà ooru. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń gbé nínú ilé àjùmọ̀gbé tí èèyàn há gádígádí sí, níbi tí àìsàn bí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti máa ń ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Parsons kò kọ́ gbọ̀ngàn, bẹ́ẹ̀ ni kò ra ilẹ̀. Yàrá tó ṣófo nílé àwọn àgbẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1880, ìwé ìròyìn New York Tribune gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn òǹkàwé rẹ̀, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ètò náà, tí wọ́n ń pè ní Fresh Air Fund, ṣì wà dòní. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ilẹ̀ àgọ́ tiwọn ní Fishkill, ní ìpínlẹ̀ New York. Ètò náà fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ọmọ tó ti jẹ àǹfààní rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ wò, ilé ló tẹ̀ lé e.

Bákan náà ló rí fún Boys' Brigade. William Alexander Smith, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú Glasgow, ilẹ̀ Scotland, ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹwàá, ọdún 1883. Ní ọdún 1886, ó kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ lọ sí àgọ́ àkọ́kọ́ ní Tighnabruaich, létí òkun. Gbọ̀ngàn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sùn sí. Ẹgbẹ́ yìí dé Nàìjíríà ní ọdún 1908, kò sì ṣòro láti rí bàbá àgbàlagbà nílẹ̀ Yorùbá lónìí tó jẹ́ pé nínú aṣọ Boys' Brigade ló ti kọ́kọ́ sùn níta ilé bàbá rẹ̀, tó kọ́kọ́ fọ aṣọ ara rẹ̀, tó sì kọ́kọ́ dáná fún ẹlòmíràn jẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Texas

Àgbà kì í rí ẹlẹ́ṣin àná kó tún bèèrè ẹsẹ̀ ẹṣin. Ní ìdájí ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 2025, odò Guadalupe kún àkúnya ní Kerr County, ìpínlẹ̀ Texas. Camp Mystic, àgọ́ Kristẹni fún àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1926, wà létí odò náà. Ọmọbìnrin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ìyẹn àwọn ọmọ àgọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń tọ́jú wọn, ló bá omi náà lọ. Dick Eastland, tó jẹ́ olùdarí àgọ́ náà, kú níbi tó ti ń gbìyànjú láti gba àwọn ọmọ là.

Èyí kì í ṣe àgọ́ tí páànù rẹ̀ ya. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ìdílé ti ń rán ọmọ lọ síbẹ̀, ìyá á lọ, ọmọ á lọ. Ibi tí ilé àwọn ọmọ kan wà ni omi bá wọn. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, lẹ́yìn tí àwọn òbí àwọn ọmọ tó kú ti ké gbàjarè, Gómìnà Greg Abbott fọwọ́ sí òfin tuntun: àgọ́ kò gbọdọ̀ fi ilé tí ọmọ ń sùn sí ibi tí àkúnya omi lè dé, wọ́n gbọ́dọ̀ ní ètò pàjáwìrì tí wọ́n kọ sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ohun tí wọ́n máa ṣe. Àwọn kan lára àwọn tó ni àgọ́ sọ pé owó tí òfin náà máa ná àwọn ti pọ̀ jù. Àwọn òbí ní ẹ̀mí ọmọ kò ní iye.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìkan lèyí. Ará Ìbàdàn kò jẹ́ gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980. Wọn kò sì tíì gbàgbé ti ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011. Oṣù Kẹjọ gan-an ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ń kó ọmọ lọ àgọ́. Ìgbìmọ̀ tó bá fẹ́ tún àgọ́ ṣe, tí kò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà abúlé pé ibo ni omi máa ń gbà kọjá nígbà òjò, ń fi owó ìjọ ṣeré ni.

Ibi tó yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ

Ìwé ìlànà Sphere, tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ ń lò fún àwọn tí ogun tàbí ìjàǹbá lé kúrò nílé, sọ pé ó kéré tán, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí omi lítà 15 lò lóòjọ́. Ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan kò yẹ kó ju ti ogún èèyàn lọ, kí ti obìnrin sì yàtọ̀ sí ti ọkùnrin. Ó tún ní kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó 30 mítà.

Ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ ṣe ìṣirò náà. Bí ọmọ igba bá wá sí àgọ́, omi tí wọ́n nílò lóòjọ́ jẹ́ lítà 3,000, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì jẹ́ mẹ́wàá. Bí àgọ́ bá jẹ́ ọjọ́ márùn-ún, omi náà di lítà 15,000. Àgọ́ tí kò lè pèsè èyí, tó wá ń kó owó jọ láti fi táìsì sí gbọ̀ngàn, ti gbé ẹrù orí kà á lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni òrùlé, àwọ̀n ẹ̀fọn, iná àti ọ̀nà tí àwọn ọmọ lè gbà sá jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ. Jẹnẹrétọ̀ sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ibi tí wọ́n ń sùn, nítorí èéfín rẹ̀ lè pa èèyàn lójú oorun.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sára ṣáláńgá. Gbogbo olówó ló fẹ́ gbọ̀ngàn tí wọ́n máa fi òkúta mábù kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ni láti là á yé wọn pé ẹni tó gbẹ́ kànga tó mọ́ fún ọmọdé ti ṣe ohun tó ju gbọ̀ngàn lọ.

Bí owó ṣe lè wọlé, tí kò sì ní í sọ nù

Ìlérí máa ń pọ̀ lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀. Àtẹ́wọ́ á dún, alága ọjọ́ náà á pe iye tó máa san, àmọ́ ó di ọdún kejì kí wọ́n tó tún gbúròó rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́n kì í fi ìlérí wọ ilẹ̀. Owó tó bá wọlé ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n á parí èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó wá òmíràn.

Ohun tó tún máa ń ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n fọ́ iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́: iye àpò símẹ́ńtì kan, iye páànù kan, iye fóòmù kan, iye àwọ̀n ẹ̀fọn kan. Opó tó ń ta ata lè ra àwọ̀n kan, kó sì mọ̀ pé ọmọ kan ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Káfíńtà àti bíríkìlà inú ìjọ lè fi iṣẹ́ ọjọ́ méjì sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó sì ti wá sí àgọ́ náà nígbà èwe, tí wọ́n ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ báyìí, nílé àti lókè òkun, kò nílò ìwàásù gígùn kí wọ́n tó dáwó.

Kí owó náà ní àpò tirẹ̀ ní báńkì, kí ó jẹ́ èèyàn mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì lẹ ìṣirò owó tó wọlé àti èyí tó jáde mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lóṣooṣù. Kí wọ́n yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àtúnṣe ọdọọdún, nítorí ikán kì í dúró de ìfilọ́lẹ̀ kejì.

Lékè gbogbo rẹ̀, àgọ́ tí wọ́n tún ṣe tán, tí owó ìwọlé rẹ̀ wá ga tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ aláìní kò fi lè wọ̀ ọ́ mọ́, kò tíì rí àtúnṣe. Nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Parsons ṣe dìde níwájú ìjọ rẹ̀ ní ọdún 1877. Kí ìgbìmọ̀ kọ iye ààyè ọ̀fẹ́ sínú ètò owó láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ kó di ohun tí wọ́n máa fi ìyókù ṣe. Ọmọ tí kò ní bàtà rọ́bà tuntun náà fẹ́ gun bọ́ọ̀sì yẹn.