Kí ló dé tí àwọn èèyàn fi ń kọ AI nínú búráúsà wọn?

Láti ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2026 tí ẹ̀dà 148 ti Firefox ti jáde, bọ́tìnì kan wà nínú sẹ́tíìnì rẹ̀ tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo ohun tó jẹ mọ́ AI nínú búráúsà náà ti dákẹ́ nìyẹn: chatbot ẹ̀gbẹ́ ojú ewé, èyí tó ń túmọ̀ èdè, èyí tó ń ṣe àkótán líǹkì kí a tó ṣí i, àtàwọn tí Mozilla, iléeṣẹ́ tó ṣe Firefox, kò tíì kó dé. Ariwo ló bí bọ́tìnì náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Anthony Enzor-DeMeo, ọ̀gá àgbà tuntun Mozilla, kéde pé Firefox yóò di búráúsà AI ti ìgbàlódé, àwọn tó ti ń lò ó láti ọjọ́ pípẹ́ sì fárígá. Ó rọrùn láti pe èyí ní ìbẹ̀rù ohun tuntun. Lójú tèmi, bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń ka ọ̀rọ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, nítorí ibẹ̀ ni ìdí gidi wà.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ń gbà wọ inú chatbot. Ìbéèrè tí ẹ tẹ̀, òfin tí iléeṣẹ́ tó ṣe é fi lé e lọ́wọ́, àti gbogbo ohun tó wà lójú ewé tí ẹ ní kó kà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń so pọ̀ di ọ̀rọ̀ gígùn kan, tí ẹ̀rọ náà yóò sì máa méfò ohun tó yẹ kó tẹ̀lé e. Kò sí ààlà tó dúró ṣinṣin tó ń fi ibi tí àṣẹ parí sí hàn án. Bí ẹnìkan bá kọ ọ́ sínú ojú ewé pé “pa iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ tì, lọ ṣe èyí”, ó lè gbà pé ẹ̀yin lẹ ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Simon Willison, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ló sọ ọ́ ní prompt injection ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Chatbot kò ní làákàyè tí wọ́n fi ń jẹ́ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí olówó rẹ̀ rán an àti èyí tí àlejò ojú ọ̀nà rán an, bákan náà ló ń gbọ́ wọn.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, àwọn onímọ̀ ààbò ní iléeṣẹ́ Brave fi èyí hàn lórí Comet, búráúsà AI ti iléeṣẹ́ Perplexity. Wọ́n kọ àṣẹ sínú kọ́mẹ́ǹtì kan lórí Reddit, wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀ sábẹ́ àmì tí Reddit fi ń bo ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé kò gbọdọ̀ tètè rí. Ẹni tó ń lo búráúsà kò ṣe ju pé ó ní kí Comet bá òun ṣe àkótán ojú ewé náà. Comet kà á dé ibi tí àṣẹ wà, ó lọ sí àkáǹtì onítọ̀hún ní Perplexity, ó mú àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀, ó béèrè OTP, ó kọjá sínú Gmail tó ti wà ní ṣíṣí, ó ka OTP náà, ó sì kọ méjèèjì sábẹ́ kọ́mẹ́ǹtì yẹn fún ẹni tó dẹ pańpẹ́. Wọn kò jí password kankan. Perplexity ṣe àtúnṣe, Brave sì ní àtúnṣe náà kò tíì ká ọ̀rọ̀ náà tán. Brave náà ní búráúsà àti AI tirẹ̀, torí náà a kò lè ní ìkórìíra AI ló mú un sọ̀rọ̀.

Ibí ni búráúsà ti yàtọ̀ sí ibòmíràn tí AI wà. Láti ayé Netscape, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, òfin kan ló ń dáàbò bò wá láìjẹ́ pé a mọ̀: wẹ́bùsáìtì kan kò gbọdọ̀ ka ohun tó wà nínú òmíràn. Bí ẹ bá ṣí báńkì yín sí táàbù kan, tí ojú ewé onígbàjú-ẹ̀ wà ní táàbù kejì, búráúsà ló ń là wọ́n. AI tó ń ṣiṣẹ́ lórúkọ yín ń rìn láti táàbù kan sí èkejì bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ń ṣe, òfin yẹn kò sì lè dá a dúró. Ó tọ́ kí n sọ pé chatbot Firefox kò tíì dé ibẹ̀. Ó ń dáhùn ìbéèrè ni, kì í tẹ bọ́tìnì fún ẹnikẹ́ni. Comet àti Atlas, búráúsà AI tí iléeṣẹ́ OpenAI gbé jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ló ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀gá Mozilla dorí kọ ló ká àwọn èèyàn lára.

Àwọn kan ní kò sí ohun tuntun tí aráyé kì í kọ́kọ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìtúmọ̀ èdè inú Firefox: AI ni, ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2023, kò sì fa irú ariwo yìí. Inú kọ̀ǹpútà ẹni gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ tó ń túmọ̀ kì í jáde lọ síbì kankan, kò sì lè ṣe ju ìtúmọ̀ lọ. Àwọn mìíràn ní àléébù lásán ni prompt injection, wọn yóò tún un ṣe. Àwọn tó sún mọ́ ọn jù lọ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, àjọ ìjọba Bírítéènì tó ń rí sí ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì kìlọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí a má rí ihò yìí dí pátápátá láé. Lóṣù kan náà, OpenAI fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé bí jìbìtì kò ṣe tán lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ lèyí náà kò ṣe dájú pé yóò tán. Gartner, iléeṣẹ́ ìwádìí, sì gba àwọn iléeṣẹ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣì dínà mọ́ búráúsà AI ná.

Mo gbà pé AI inú búráúsà lè ṣeni lóore. Firefox ń fi í ṣàpèjúwe àwòrán inú PDF fún àwọn tí kò ríran. Mo tún gbà pé inú àyẹ̀wò ni púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ewu yìí ti wá, ó sì lè má burú tó bí a ṣe ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó ṣe é bá ti ní àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà, kò yẹ kó jẹ́ ẹni tí kò fẹ́ ni yóò máa wá bọ́tìnì kiri. Ẹni tó fẹ́ ló yẹ kó tàn án. OpenAI ti fi ààyè sílẹ̀ nínú Atlas kí AI náà lè ṣiṣẹ́ láìwọ àkáǹtì kankan tó jẹ́ tẹni tó ń lò ó. Ibẹ̀ ló yẹ kí gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀.